Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Rípà àti Àtàǹpàkò Irin Lára Bákóò Katakata

Àwọn lẹ́tà tí a yàn fún ojú ewé yìí lóṣù yìí dá lórí ohun èlò méjì tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agbaṣẹ́ṣe ń fi sẹ́nu apá bákóò, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tí ó máa ń wà lẹ́yìn katakata. Àkọ́kọ́ ni rípà, eékánná irin kan ṣoṣo tí a ń fi sí ipò bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi ya ilẹ̀ líle. Èkejì ni àtàǹpàkò, ọ̀pá irin tí ó dojú kọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí àwọn méjèèjì lè jọ di nǹkan mú. Àwọn ìbéèrè náà wúlò púpọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń ta ohun èlò wọ̀nyí kì í sábà sọ ibi tí agbára wọn pin sí fún ẹni tí ó fẹ́ rà.

Ìbéèrè: Mo ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Mo fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá kan tí omi òjò yóò máa dúró sí kí n lè rí omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí bákóò bá ti wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, yangí ni a ń bá. Eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń ha á lórí ni, katakata fúnra rẹ̀ sì ń wọ́ lọ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra rípà. Ṣé yóò ràn mí lọ́wọ́, báwo ni a sì ṣe ń lò ó? (Olùkàwé láti Ìṣẹ́yìn)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko. Rípà yóò ràn yín lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé yangí ni ohun tí ẹ ń bá lóòótọ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ní agbègbè Òkè-Ògùn, àpáta kì í jìnnà sí ojú ilẹ̀, ibi tí yangí bá sì ti parí, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àpáta pàdé. Ẹ mú ọ̀pá irin gígùn, kí ẹ fi gún ìsàlẹ̀ kòtò náà ní ibi púpọ̀. Yangí máa ń dún kíkù, ó máa ń fọ́, òkúta wẹ́wẹ́ pupa á sì máa ta jáde lára rẹ̀. Ohùn àpáta gidi máa ń mú ní tirẹ̀, ọ̀pá náà á sì ta padà sí yín lọ́wọ́. Àpáta tí kò tíì jẹrà kì í ṣe iṣẹ́ rípà rárá. Òòlù haidirọ́líìkì, èyí tí agbára ọ́ìlì ń mú ṣiṣẹ́, ni ó ń fọ́ ọ. Bí ẹ kò bá sì ní in, ẹ wá ibòmíràn gbẹ́ kòtò náà sí. Ẹni tí ó bá fi rípà bá àpáta jà yóò tẹ ọ̀pá rípà tàbí kí ó la irin apá bákóò, àpáta yóò sì wà níbi tí ó wà.

Ìdí tí rípà fi lè ṣe ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe ni pé agbára kan náà ni sìlíńdà bákóò (ọ̀pá irin tí ọ́ìlì ń tì) ń lò fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní eyín mẹ́rin tàbí márùn-ún ń pín agbára náà káàkiri, nígbà tí rípà ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ṣóńṣó kan. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tà á, ẹ fi tépù wọn bí rípà náà ṣe gùn tó láti ihò píìnì rẹ̀ dé ṣóńṣó, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí ó wà láàárín píìnì bọ́kẹ́ẹ̀tì yín àti eyín rẹ̀. Bí rípà bá fi ìdajì gùn ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ó ń ká a ti ṣòfò kí ó tó dé ṣóńṣó. Àwọn tí ó ń tà á fẹ́ràn láti máa yin rípà gígùn pé ó ń jìn wọlẹ̀, ṣùgbọ́n fún katakata oko, èyí tí ó kúrú tí ó sì nípọn ni mo fara mọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún wọn nǹkan mẹ́ta lára bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní nílé: bí píìnì ṣe nípọn tó, bí àyè tí orí apá bákóò ń wọ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti ìwọ̀n láti àárín ihò píìnì kan dé àárín ìkejì. Rípà tí ọ̀kan nínú ìwọ̀n wọ̀nyí kò bá bá a mu kò ní wọlé, tàbí kí ó wọlé kí ó máa mì títí tí yóò fi jẹ ihò náà fẹ̀.

Ní ti lílò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kó gbogbo erùpẹ̀ rírọ̀ tí ó wà lórí yangí kúrò kí ojú rẹ̀ lè hàn, nítorí pé yangí sábà máa ń ní ibi tí ó ti sán, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ṣóńṣó rípà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ irin méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí ìwúwo katakata yóò fi kúrò lórí táyà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ na apá, ẹ jẹ́ kí rípà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró lórí yangí kí ṣóńṣó rẹ̀ lè gún un, kí ẹ sì fà á wá sọ́dọ̀ ara yín. Apá kékeré, èyí tí rípà so mọ́ lẹ́nu, ni kí ẹ fi fà á. Nígbà tí ṣóńṣó bá ti wọlé ni kí ẹ wá ká rípà láti fi hú yangí náà sókè. Agbára apá kékeré yìí máa ń tóbi jù nígbà tí òun náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró. Bí ẹ bá nà án tán, agbára náà á dín kù, ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí katakata sún mọ́ ibi iṣẹ́.

Ẹ má ṣe fẹ́ kí ó jìn lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ fa ìlà bíi mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ yí katakata padà, kí ẹ sì fa òmíràn tí yóò dábùú wọn, kí yangí lè já sí kélekèle tí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè kó. Bí katakata bá tún bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ sẹ́yìn bí ẹ ti sọ nínú lẹ́tà yín, tàbí tí ẹsẹ̀ irin bá ń gbéra nílẹ̀, ẹ ti jẹ jù nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń fa rípà náà ni kí ẹ dín kù; títẹ ẹ́ńjìnnì kò ní mú katakata wúwo ju bí ó ti wúwo lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí awakọ̀ yín mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni rípà ń gbà ṣiṣẹ́, èyíinì ni fífà tààrà sọ́dọ̀ katakata. Bí ṣóńṣó bá há sínú yangí, kò gbọdọ̀ yí apá sí ọ̀tún tàbí sí òsì láti fi jà á gbà. Àwọn sìlíńdà tí ó ń yí apá bákóò kò lágbára bí èyí tí ó ń fà á, orí ìdè tí gbogbo apá náà ń yí lé lórí ni ìjà náà sì máa ń já sí, irin tí ìtúnṣe rẹ̀ wọ́n gidigidi. Ẹ na apá padà síwájú, kí rípà gba ọ̀nà tí ó gbà wọlé jáde. Bákan náà, kò sí fífi rípà lu ilẹ̀ bí òòlù, kò sì sí fífi jíà wa katakata lọ nígbà tí rípà wà nínú ilẹ̀.

Nítorí pé píìnì méjì ni ẹ óò máa yọ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ ya gbogbo ojú ibi kan tán kí ẹ tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Kí ẹni tí ó ń fi òòlù gbá píìnì jáde wọ awò ojú, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ìka bọ ihò láti mọ̀ bóyá ihò méjèèjì ti ṣe déédéé. Apá tí ó bá fi ìwọ̀n díẹ̀ sún yóò gé ìka náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí kòtò yín, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè. Yangí tí rípà ti ya kì í di omi mú, nítorí pé omi á máa gba inú àwọn ihò àti ibi tí ó sán lọ. Lábẹ́ yangí, a sábà máa ń bá amọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ pupa pẹ̀lú funfun, èyí sì dára fún ìsàlẹ̀ kòtò omi. Bí ẹ bá lè gba inú yangí kọjá dé orí amọ̀ yìí, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má ṣe fi rípà kàn án mọ́. Ẹ kó lára amọ̀ náà, kí ẹ fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò níbi tí yangí ti hàn, ní ìpele ìpele, kí ẹ rin ín díẹ̀, kí ẹ sì gún un kí ó ki. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òjò yóò rọ̀ kún kòtò náà, kí oṣù Ṣẹẹrẹ tó dé, omi yóò ti gbẹ.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ra ilẹ̀ díẹ̀ sí apá àríwá San Antonio ní Texas. A ní katakata Kubota kékeré kan, mo sì ti rí bákóò tí ó ń so mọ́ àwọn ọwọ́ irin mẹ́ta ẹ̀yìn katakata ní owó tí kò pọ̀. Òkúta funfun ló kún ilẹ̀ ibí. Ṣé mo lè fi rípà sí bákóò bẹ́ẹ̀? (Olùkàwé láti Texas)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra bákóò yẹn fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọwọ́ irin mẹ́ta ẹ̀yìn katakata wà fún gbígbé ohun èlò sókè ni, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata, kò sì sí ohun tí ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ju ìwúwo ohun tí wọ́n gbé lọ. Bí ṣóńṣó rípà bá mú òkúta, tí ẹ sì ń fà á, bákóò náà lè gbéra sókè kí ó sì ká síwájú. Nítorí pé orí bákóò ni ìjókòó ẹni tí ó ń wà á so mọ́, àárín bákóò àti irin ààbò katakata ni onítọ̀hún yóò há sí. Ewu ìpa ènìyàn ni èyí, mi ò sì mọ iye owó tí a lè dín nínú ríra irinṣẹ́ tí ó tó fi wéwu bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó yẹ yín ni bákóò tí férémù irin rẹ̀ gba abẹ́ katakata, tí a fi bóòtù dè mọ́ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn títí dé iwájú. Yàtọ̀ sí pé kò lè ká, férémù náà ń gba ìjà kúrò lára katakata. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, kò sí ṣásí lọ́tọ̀ bí ti mọ́tò akẹ́rù: ẹ́ńjìnnì àti ilé jíà tí a fi bóòtù so pọ̀ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bákóò bá ń fa ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí férémù, ibi ìsopọ̀ yẹn lè sán, kí katakata sì pín sí méjì.

Òkúta funfun tí ẹ ń wí sábà máa ń jẹ́ oríṣi méjì ní agbègbè yín. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní caliche, ilẹ̀ tí ẹfun òkúta ti lẹ̀ pọ̀ di líle. Rípà kékeré yóò yà á bí ẹ bá ń bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èkejì ni òkúta ẹfun gidi. Bí ó bá wà ní ìpele ìpele tí ẹ sì rí etí rẹ̀, ẹ ti ṣóńṣó rípà bọ àárín ìpele méjì, kí ẹ hú u. Èyí tí ó bá ṣù pọ̀ láìní ìlà kankan, katakata yín kò wúwo tó láti ṣí i nípò, ẹ pe ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ńlá.

Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀ rárá, ẹ pe nọ́ńbà tẹlifóònù 811. Ọ̀fẹ́ ni, òfin sì ní kí ẹ pè ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè wá fi àmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà. Àwọn tí ó wá sàmì kì í sábà sàmì sí páìpù tí onílé fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà fún yín. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lè kọ́kọ́ ha páìpù kí awakọ̀ tó dúró. Rípà ní tirẹ̀ máa ń já a lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Igi gẹdú la ń kó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wẹ́dà wa sọ pé òun lè ṣe àtàǹpàkò sí apá bákóò wa láìjẹ́ pé a ra ti òkèèrè. Ṣé kí n gbà fún un? Ṣé èyí tí ó ń fi haidirọ́líìkì ṣiṣẹ́ ni kí ó ṣe, tàbí èyí tí a ń fi píìnì dè? (Olùkàwé láti Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Ẹ gbà fún un, bí ó bá jẹ́ wẹ́dà tí ó mọ irin tí ó nípọn, kí ó sì ṣe èyí tí a ń fi píìnì dè. Irú èyí ní ọ̀pá kan tí ó ní ihò mélòó kan. Ihò tí ẹ bá fi píìnì sí ni yóò sọ ibi tí àtàǹpàkò yóò dúró sí, bọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì ká wá bá a. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè bá bọ́kẹ́ẹ̀tì rìn: bí ẹ bá ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀, igi yóò bọ́. Ti haidirọ́líìkì ń tẹ̀ lé bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi gbogbo, ó sì yá jù, ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀nà ọ́ìlì tirẹ̀ àti fáàfù tí yóò tú ọ́ìlì sílẹ̀ nígbà tí sìlíńdà bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ó lágbára jù ú lọ, bá ń tì í. Bí kò bá sí fáàfù yìí, sìlíńdà àtàǹpàkò ni yóò tẹ̀. Ẹni tí ó ń kó igi láti àárọ̀ dé alẹ́ ni owó rẹ̀ yóò padà fún.

Kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ fi páálí gé àwòrán àtàǹpàkò náà, kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n lára apá. Eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àárín eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi ìwọ̀n díẹ̀ kọjá wọn, nítorí pé bí ṣóńṣó bá kàn kan ṣóńṣó, igi tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ̀ bọ́. Ẹ wá ká apá wọlé tán, kí ẹ wò bóyá àtàǹpàkò tí a ká sókè kò ní lu apá ńlá tàbí kí ó gún họ́ọ̀sì. Àtàǹpàkò tí ó gùn jù ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun ni ó sì máa ń ba bákóò jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Jíjó rẹ̀ mọ́ apá ni iṣẹ́ gan-an. Apá bákóò ń tẹ̀, ó sì ń nà díẹ̀ díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ojú ibi tí a bá jó ní ìdábùú rẹ̀ ni ó sì máa ń sán. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ fi pákó irin kan tẹ́ abẹ́ apá, kí ó sì jó o ní òòró nìkan, kí ó má fa ìlà iná kọjá ní ìbú apá. Ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá ìjó irin) 7018 tí ó gbẹ dáadáa ni kí ó lò, kí ó kọ́kọ́ mú irin náà gbóná díẹ̀ bí ó bá nípọn. Kí ó tú wáyà bátìrì katakata, kí ó sì gán wáyà ilẹ̀ mọ́ ìtòsí ibi tí ó ń jó, láìjẹ́ pé iná gba inú píìnì tàbí sìlíńdà kọjá, nítorí iná tí ó bá gba ibẹ̀ ń dá ojú sìlíńdà lápàá, síìlì rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí jò. Lẹ́yìn náà, kí awakọ̀ máa nu etí ibi tí a jó, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Bí ẹ bá yàn láti fi haidirọ́líìkì sí i, ẹ sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì ti ń jò. Ọ́ìlì tí ó ń ta láti ojú ihò kékeré lè gún awọ ara wọlé láì fi bẹ́ẹ̀ dunni níbẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Páálí ni ká fi wá a. Ẹni tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá, iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń gbà.

Ní ti gbígbé igi, ẹ di í mú ní àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀, kí ó wà nítòsí ilẹ̀ àti nítòsí katakata. Ìwúwo tí bákóò lè gbé nígbà tí apá rẹ̀ ká kéré gan-an nígbà tí ẹ bá nà án, bí ẹ bá sì yí i sí ẹ̀gbẹ́, katakata lè dojú dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ní ibi tí igi lè yí dé bí ó bá bọ́.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ hú kùkùté ọ̀pẹ àtijọ́ kúrò kí n lè gbin tuntun. Ṣé mo lè lo rípà àti àtàǹpàkò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? (Olùkàwé láti Òkìtìpupa)

Ìdáhùn: Ẹ lè ní àwọn méjèèjì lára apá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wọ́n gbé kùkùté. Ojú kan ni rípà ti ń kan ohun tí wọ́n dì mú, nítorí náà kùkùté yóò máa yí lẹ́nu wọn, yóò sì bọ́. Ẹ ká àtàǹpàkò mọ́ abẹ́ apá, kí ẹ fi píìnì dè é, kí ẹ sì fi rípà nìkan gé gbòǹgbò.

Ọ̀pẹ kò ní olú gbòǹgbò. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó ta yí ìdí rẹ̀ ká ni ó dì í mú. Ẹ gbé rípà sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fà á yí i ká láti ìhà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìhà kẹrin sílẹ̀ kí ó má ṣubú síbi tí ẹ kò fẹ́. Gbòǹgbò tí ó bá ṣòro, ẹ ti ṣóńṣó bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ hú u sókè dípò kí ẹ máa ha á lórí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ tú àtàǹpàkò sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì gbá kùkùté mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ kí erùpẹ̀ oko yín padà sí ilẹ̀. Ẹ má ṣe kó kùkùté àti ìtí wọ̀nyí jọ sí etí oko títí di ọdún tí ń bọ̀, nítorí inú ìtí ọ̀pẹ tí ó ń jẹrà ni àwọn kòkòrò tí ó ń pa ọ̀pẹ ń yé sí. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́ kí ẹ sì tẹ́ wọn fẹ́lẹ́ kí wọ́n tètè jẹrà tán, tàbí kí ẹ kó wọn jìnnà sí ibi tí ọ̀pẹ tuntun yóò wà kí ẹ tó gbé ọmọ ọ̀pẹ jáde láti ilé ìtọ́jú.